Apá Dido Metro Ni, àbí Pọ́ǹpù?

Kò sí ọkọ̀ tó lè fi ohùn pamọ́ fún Stefka Hawryluk ní abúlé Zelena. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí wọ́n tó gbé àlìkámà dé ilé ọkà. Bó bá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń fọ́ kóró sọnfíláwà jẹ, ó lè ṣàdédé tu èèpo sílẹ̀ kó ní, "Bẹ́ẹ̀lì Orest ò ní pẹ́ já." Lọ́jọ́ kejì, Orest á fẹsẹ̀ rìn wá, bẹ́ẹ̀lì jíjá lọ́wọ́. Irú etí wo nìyẹn!

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ọkùnrin mẹ́ta ni Pavlo bàbá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀, ó sì ti fọkàn sí i pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò jogún sípánà òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá iṣẹ́ epo rọ̀bì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Stefka, tí wọ́n ń lé lọ sí ilé ìdáná pé kó lọ bá ìyá rẹ̀ di pyrohy, ìyẹn oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń di ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, òun ló kù lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dá dúró, àwọn àgbẹ̀ a máa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á ní, "Pavlo ńkọ́?" Ó dìgbà tí ẹ̀rọ ìkórè wọn kú sáàárín oko, tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, tí Pavlo sì wà lórí ibùsùn àìsàn, kí wọ́n tó gbà pé ọwọ́ tó ń di pyrohy lè di nóòtù náà.

Òfin kan ṣoṣo ni Pavlo fi sílẹ̀ fún un: má fi tuntun rọ́pò ohun tó kú, àfi tí o bá mọ ohun tó pa á. Stefka di òfin náà mú bí ẹni di àdúrà mú. Òjò lè máa bọ̀, oníbàárà lè máa jánu, kò kàn án. Á tú òkú ẹ̀rọ náà palẹ̀, á wo inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ó lọ́ra. Ìdí náà nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í gbé àìsàn kan náà wá bá a lẹ́ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ìdajì àlìkámà ṣì wà lóko, ọkọ̀ méjì yà wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ṣáájú ni ọkọ̀ akẹ́rù pupa Metro Zaporozan, ọkọ̀ tó ti lé lógójì ọdún. Metro fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, gbogbo abúlé ló sì ń pè é ní Dido, bàbá àgbà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni píkọ́ọ̀pù Darcy, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe oko.

Darcy ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. "Àǹtí Stefka, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹjọ́ kan ni mo ní kí ẹ bá wa dá."

"Èmi kì í ṣe adájọ́. Ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe."

"Ọkọ̀ náà ni ẹjọ́ dá lé."

Dido Metro fara balẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. "Má dá a lóhùn, ọmọ Pavlo. Ó ní apá mi ti kú. Apá tí mo fi gbé e kiri nígbà tí kò lè nu imú ara rẹ̀!"

"Dádì, èmi kọ́ ni mo fi ọkọ̀ gbá òpó ilé ọkà ní Sátidé."

"Òpó yẹn ló wá bá mi!"

Kóró sọnfíláwà fẹ́rẹ̀ẹ́ há Stefka lọ́fun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín lọ títí. Ní Sátidé náà, bí Dido ṣe ń yí ọkọ̀ wọ ẹnu ilé ọkà pẹ̀lú ẹrù kíkún, ó ní sítíárín kọ̀, ó le bí òkúta. Fẹ́ńdà kọlu òpó, ọkùnrin tó ń wọn ọkà sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹtu. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Darcy gbé ọkọ̀ kan náà yí ilé ká, ìka kan ṣoṣo ló fi ń yí sítíárín. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nídìí tábìlì oúnjẹ lọ́jọ́ náà ni bàbá àti ọmọ ti ṣe àdéhùn: Stefka ni kó yẹ ọkọ̀ wò. Bó bá rí àìsàn lára rẹ̀, Dido á máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí kò bá rí i, Dido á kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó di ẹni tó ń jókòó ti adìẹ nílé.

Ìkórè méjìdínlọ́gọ́ta ni ọkùnrin yìí ti fi ọkọ̀ kó láìfo ọ̀kan. Láti ìgbà tí Paraska ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìrìn láti oko dé ilé ọkà yìí ló ń jí i lórí ibùsùn. Stefka mọ̀ bẹ́ẹ̀. Darcy náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gba kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀, tó fi wá ẹni tó máa bá a gbà á.

"Ẹ jókòó," ni Stefka wí. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

Ó fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ táyà iwájú méjèèjì, ó pé. Ó tẹ bẹ́ẹ̀lì tó ń yí pọ́ǹpù páwà sítíárín, èyí tó ń ti epo kí sítíárín lè fúyẹ́ lọ́wọ́. Ó le dáadáa, kò yọ̀. Ó ṣí ìdérí epo sítíárín. Epo kò dín, kò hó, èyí tó fi hàn pé kò sí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó fi ọwọ́ ti táyà sọ́tùn-ún sósì, ó lọ ó bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí irin tó há. Lẹ́yìn náà ló mú géèjì ńlá rẹ̀ jáde, èyí tó ní páìpù méjì àti ẹ̀rọ ìtìpa láàárín. Ó so ó mọ́ àárín pọ́ǹpù àti àpótí sítíárín, ó tan ẹ́ńjìnnì.

Ibí yìí gan-an ló dùn! Bí ènìyàn bá ti ẹ̀rọ ìtìpa yẹn pa, epo kò ní ibi tó máa gbà lọ mọ́. Gbogbo agbára tí pọ́ǹpù bá ní, ojú géèjì ló ti máa hàn. Bó bá lágbára, abẹ́rẹ́ á fò sókè. Bó bá ti kú, abẹ́rẹ́ á jókòó. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré sì ni, torí bí ènìyàn bá tì í pẹ́, pọ́ǹpù á ba ara rẹ̀ jẹ́.

Stefka tì í. Ení, èjì, ẹ̀ta. Abẹ́rẹ́ fò kọjá ẹgbẹ̀rún kan, ó ń gbọ̀n níbẹ̀. Ó ṣí i.

Ó tún un ṣe. Bákan náà.

"Pọ́ǹpù yìí dáa," ló wí, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń wí i.

Darcy kò yọ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lókè, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀. Dido ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ìrìn kẹta ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ti sọ fún un. Ìrìn kẹta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Stefka ti ń nu ọwọ́. Ó dúró. "Kí lẹ ní?"

"Ìrìn kìíní, ó dáa. Ìrìn kejì, ó ń kùn. Tó bá di ìrìn kẹta, tí mo bá ń tò sẹ́yìn àwọn yòókù nílé ọkà, á di òkúta."

"Darcy, aago mélòó lo wà á ní Sọ́ńdè?"

"Aago méje àárọ̀. Kí ló dé?"

Ojú ti Stefka, ojú tì í títí dé etí. Òun, ọmọ Pavlo! Epo tútù nípọn. Bí ara pọ́ǹpù bá jẹ tán, epo tó nípọn á ṣì bò ó láṣìírí. Àfi kí epo gbóná kó ṣàn bí omi kí àṣírí tó tú. Òun sì wá yẹ ọkọ̀ wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù.

"Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun là ń bi léèrè bó ṣe ń ṣe é tó bá rẹ̀ ẹ́," ló wí. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá. Rárá, Darcy, èmi ni kí wọ́n mú un fún. Tí Dido bá wà á, o máa ní apá wọn ni. Tí ìwọ bá wà á, Dido máa ní irọ́ lò ń pa."

"Mo kúkú máa sọ bẹ́ẹ̀," ni Dido wí.

Báyìí ni Stefka ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní àárín ìkórè, tó di awakọ̀ àlìkámà. Kò tú géèjì kúrò. Ó fi okùn so ó mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dido jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrìn kìíní, sítíárín fúyẹ́ bí ewé. Ìrìn kejì, bí wọ́n ti ń yà níbi itẹ́ òkú ìjọ, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, húúùn, bí àgbà tó fẹ́ dìde lórí àga. Oòrùn ti mú. Ìrìn kẹta bọ́ sí ọ̀sán gangan, ọkọ̀ méje sì ti tò sílẹ̀ níwájú wọn nílé ọkà. Ọkọ̀ pupa náà dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, ooru ń jáde níwájú rẹ̀ bí ti ààrò.

Ìgbà tó kàn wọ́n, Stefka yí sítíárín láti wọlé. Kò yí.

Apá Stefka yìí kan náà ló ń gbé gíàbọ́ọ̀sì! Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò yí. Ó dìde díẹ̀ lórí àga, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó yí ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, òógùn sì bò ó. Dido ń wo ìta láti ojú fèrèsé, ó ń súfèé.

"Apá ẹ ńkọ́, ọmọ Pavlo?"

"Dido, ẹ dákẹ́ jàre."

Ó tẹ ẹ́ńjìnnì, ó ké sókè, sítíárín fúyẹ́. Ó fẹsẹ̀ kúrò. Ó tún di òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, pọ́ǹpù ń sáré pẹ̀lú rẹ̀, ó ń rí agbára díẹ̀ ṣà jọ. Bó bá rọra ń lọ, kò rí nǹkan kan. Irin tó há kì í mọ ìyàtọ̀ eré ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n já ẹrù, wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù kí ooru tó lọ, Stefka sì pe Darcy kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó ti ẹ̀rọ ìtìpa pa. Ení, èjì, ẹ̀ta. Abẹ́rẹ́ dìde pẹ̀lú ìnira, kò dé irinwó, ó sì sùn síbẹ̀.

"Àbí àpótí sítíárín ló ń jò nínú?" ni Darcy béèrè.

"Mo ti ti ọ̀nà mọ́ epo kó tó dé àpótí. Pọ́ǹpù nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí, òun àti géèjì. Ó yẹ kó bínú. Ṣé ẹni tó ń bínú lo rí yìí?"

Darcy tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà. "Dádì..."

"Mi ò gbọ́."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ohun tí o ò tíì sọ náà ni mi ò gbọ́."

Darcy fi ọwọ́ nu ojú, ó ní òun ń lọ síta láti fóònù ìlú ńlá pé kí wọ́n fi pọ́ǹpù ránṣẹ́. Stefka mú sípánà. Nígbà tó ku òun àti Dido, bàbá náà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀, Stefka."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Èmi náà rò pé apá mi ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ sí ilé màlúù, màá pọn omi kún korobá méjì, màá máa gbé wọn sókè sílẹ̀. Ogún ìgbà. Kí apá lè padà."

Stefka tún yí sípánà. Ó tú nóòtù tó kẹ́yìn, ó sì gbé pọ́ǹpù náà sórí tábìlì.

Òfin Pavlo ló kù. Ó da epo inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀: ẹ̀rún irin ń dán nínú rẹ̀ wínní-wínní bí ìyanrìn etí odò. Ó tú ikùn pọ́ǹpù. Òrùka irin tó wà nínú rẹ̀, tó yẹ kó máa dán bíi dígí, ti ha káàkiri bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á. Irin ń jẹ irin, kò sí epo tó tó láàárín wọn. Ṣùgbọ́n epo kò dín, òun fúnra rẹ̀ ló wò ó. Kí ló dé? Ó gbé aṣọ náà sí imú.

Karosíìnì.

Ó ti mọ̀ kí ó tó mí síta. Ní oṣù Kìíní, tí òtútù Zelena bá mú, epo inú ọkọ̀ á dì bí ògì àná. Láyé àwọn bàbá wọn, ìwọ̀n kọ́ọ̀pù kan karosíìnì ni wọ́n máa ń bù sí ẹ́ńjìnnì katakata kó lè jí, kò sì ṣe é ní nǹkan, torí ooru ẹ́ńjìnnì á lé karosíìnì náà jáde tó bá ti gbóná. Sítíárín ò ní ibi tí karosíìnì máa gbà jáde. Ohun tí wọ́n bá dà síbẹ̀ lóṣù Kìíní, ó ń bẹ níbẹ̀ di oṣù Kẹsàn-án, ó ń sọ epo di omi.

Ó wo Dido. Dido ń wo bàtà ara rẹ̀.

Stefka ká aṣọ náà mọ́ òkú pọ́ǹpù. Ó ń rò ó. Bí òun bá sọ ọ́, Darcy á ní apá bàbá òun dáa ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń dàrú, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ á tún dìde láti ìbẹ̀rẹ̀. Pọ́ǹpù yìí sì ti lo ogójì ọdún. Ta ló máa bínú sí ẹni tó bá ní ogbó ló pa á?

Darcy wọlé. "Bọ́ọ̀sì ọ̀la ló máa gbé e wá. Kí ló pa á, Àǹtí?"

Stefka la ẹnu.

"Èmi ni," ni Dido wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Mo bu karosíìnì sí i lóṣù Kìíní, lọ́jọ́ tí kò yí rárá. Kọ́ọ̀pù méjì. Bàbá mi máa ń ṣe é." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ Pavlo pa irọ́ nítorí mi. Mo rí i pé ó ti fẹ́ pa á."

"Mi ò tíì pinnu," ni Stefka wí.

Wọ́n ń retí kí Darcy bú. Darcy kò bú. Ojú rẹ̀ kúrò lára bàbá rẹ̀, ó lọ sára pọ́ǹpù, ojú náà gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jáde, ó sì dúró sára píkọ́ọ̀pù rẹ̀ níta.

"Dádì," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ní oṣù Kìíní yẹn, nígbà tí sítíárín tèmi náà le, kí lẹ ní kí n dà sí i?"

Dido fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kọ́ọ̀pù kan," ni Darcy fún ara rẹ̀ lésì. "Ẹ ní tèmi kéré, kí n má da méjì."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Stefka! Ó rín títí ó fi jókòó. "Abájọ! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ ọ tó ń kùn kọjá níbí. Mo rò pé ti Orest ni!"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, Àǹtí."

"Ẹ wo bàbá, ẹ wo ọmọ! Gbé e wọlé jàre, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di òkú kejì."

Darcy mi orí, òun náà ti ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, láìfẹ́. Stefka yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pupa náà lápò, ó gbé e sáàárín àwọn méjèèjì lórí tábìlì, kò sọ ta ló ni ín. Darcy ló mú un. Ó fi sí ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì pa ìka bàbá náà dé mọ́ ọn.

"Ohun kan ni o. Tó bá tún le díẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an lẹ máa sọ. Kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ò sì ní ṣí ìdérí epo kankan láìpe Àǹtí Stefka."

"Ti omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì ńkọ́? Ṣé kí n pè é fún ìyẹn náà?"

"Dádì!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, pọ́ǹpù tuntun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Stefka ti fi epo mímọ́ fọ gbogbo páìpù àti àpótí sítíárín lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn karosíìnì tó lọ. Ó gbé iwájú ọkọ̀ sórí jáàkì, ó ní kí Dido yí sítíárín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun láìtan ẹ́ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ogún ìgbà ló ní kó ṣe. Dido ṣe ọgbọ̀n, ó ń kà á sókè kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló tan ẹ́ńjìnnì. Àlìkámà ń dúró lóko, ojú ọ̀run sì mọ́. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù Darcy ti wà ní títú sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, pọ́ǹpù rẹ̀ lórí tábìlì, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó máa gbé e padà sóko. Darcy dúró, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Dido na apá kọjá àga, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì fún un.

"Gùn ún. Kó o sì di ilẹ̀kùn yẹn mú dáadáa, ó máa ń ṣí tí mo bá ń yà."

Darcy gùn ún.